Ẹ́ńjìnnì Ni Tàbí Gíà? Ọ̀rọ̀ lórí Píkọ́ọ̀pù Ẹgbẹ́ Wa



Ẹ mọ̀ pé píkọ́ọ̀pù tó ń bá wa kó tòmátì láti Máìlì 12 wá sí Ajégúnlẹ̀, tó sì ń gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà wa ní Àpápá GRA, ti dá iṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan ní ká pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, àwọn kan ní ká tún gíábọ́ọ̀sì ṣe. Owó àjẹṣẹ́kù la fẹ́ ná, owó ilé-ìwé ọmọ wa wà nínú ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká yẹ àìsàn wò ká tó ra oògùn.

Bí èéfín aláwọ̀ aró bá ń jáde, tí ọ́ìlì ń tán, ẹ́ńjìnnì ni. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ké ṣùgbọ́n tí mọ́tò ò sáré, ká kọ́kọ́ wo kílọ́ọ̀ṣì. Bí gíà bá ń fò jáde, gíábọ́ọ̀sì ni.

Tiwa ò rú èéfín, ọ́ìlì ẹ̀ ò dín. Gíà kejì ló ń fò. Ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ láti Ládípọ̀, a ò mọ ohun tójú ẹ̀ ti rí. Nọ́ńbà ẹ̀ náà ò ní bá ìwé mọ́tò mu, àfi ká tún ìwé ṣe.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí mẹkáníìkì wọn agbára ẹ́ńjìnnì níṣojú wa. Bó bá ṣì lágbára, ká tún gíábọ́ọ̀sì ṣe, kó sì kó irin àtijọ́ tó bá yọ fún wa.

Ẹ̀yin lẹ lowó, ẹ̀yin lẹ máa pinnu.