Ìsinmi Lórí Òkè: Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé ẹ̀ka wa ní Sabon Gari, Kánò

 Ìpàdé yìí ni ó rán àwa ìgbìmọ̀ kékeré níṣẹ́ pé kí a lọ wádìí ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò ìsinmi tí àwọn ọ̀dọ́ gbé wá. Iṣẹ́ náà ni a wá jẹ́ lónìí.

Ẹ ó rántí bí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wa rí àwòrán lórí fóònù, níbi tí àwọn ènìyàn ti so pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn méjì mọ́ bàtà, tí wọ́n ń yọ̀ wálẹ̀ láti orí òkè tí òjò dídì bò. Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ ṣètò kí àwọn lọ sí ilẹ̀ Sweden tàbí Norway lọ ṣe irú rẹ̀. Àwọn àgbà kan rẹ́rìn-ín. Àwa kò rẹ́rìn-ín, nítorí ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. A béèrè, èyí sì ni ohun tí a gbọ́.

Ìlú kan wà ní Sweden tí à ń pè ní Åre. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìdíje àgbáyé fún eré yíyọ̀ lórí òkè ní ọdún 1954, 2007 àti 2019. Ọkọ̀ ojú irin ń gbé ènìyàn láti Stockholm dé ibẹ̀. Ẹni tí ó bá lọ ní December yóò rí òjò dídì, ṣùgbọ́n wákàtí díẹ̀ ni ojúmọ́ fi ń mọ́ níbẹ̀ nígbà náà. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń dúró di February tàbí March, nígbà tí òòrùn bá ti ń pẹ́ lójú ọ̀run.

Físà ibẹ̀ ti di 90 euro fún àgbàlagbà kan láti June 2024, ó sì jẹ́ 45 euro fún ọmọ tí ó ti pé ọdún 6 ṣùgbọ́n tí kò tíì pé 12. Bí bàbá, ìyá àti irú ọmọ bẹ́ẹ̀ méjì bá fẹ́ lọ, 270 euro ni wọn yóò san kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ bóyá wọn yóò gbà wọ́n tàbí wọn kò ní gbà wọ́n. Bí wọn kò bá sì gbà wọ́n, owó náà kì í padà. Olúkúlùkù gbọ́dọ̀ ní ìwé ìdánilójú ìtọ́jú àìsàn tí kò dín ní 30,000 euro. A kò tíì ka owó ọkọ̀ òfuurufú, ilé ìsùn, aṣọ òtútù, pátákó tí a ó háyà, àti olùkọ́ tí yóò kọ́ni bí a ti ń dúró lórí rẹ̀.

A kò sọ èyí láti fi ba ọ̀dọ́ lẹ́rù. Ọmọ Yorùbá ti dé orí yìnyín ṣáájú wọn. Ní ọdún 2018, ní PyeongChang ní ilẹ̀ Kòríà, Seun Adigun ni ó darí ọkọ̀ ìyọ̀ àwọn obìnrin Nàìjíríà nínú Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù. Simidele Adeagbo náà dojú bolẹ̀ lórí ọkọ̀ pẹlẹbẹ tirẹ̀, ó sì sáré wálẹ̀ lórí yìnyín. Nígbà tí ó di ọdún 2022 ní Beijing, Samuel Ikpefan fi pátákó ẹsẹ̀ sáré fún Nàìjíríà. Nítorí náà, kò sí ibi tí ọmọ wa kò lè dé. Ẹni tí ó bá ní ọmọ tàbí àbúrò ní ilẹ̀ náà, tí wọ́n sì pè é, kí ó lọ, a ó sì bá a yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kò ní kó owó ọmọ ẹgbẹ́ jọ fún aṣojú kankan tí ó bá wá sọ pé òun yóò gba físà fún ogún ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wọ ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ ní kí ó wá bá ìpàdé sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ará, ìdí tí a kò fi da àbá àwọn ọ̀dọ́ nù pátápátá nìyí. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti dé Kánò ní ọdún 1911, àwọn baba wa ti ń bá a wá láti Ọ̀yọ́, láti Ògbómọ̀ṣọ́, láti Ọ̀fà, láti Ìlọrin, láti Ìjẹ̀bú. Wọ́n ṣiṣẹ́, wọ́n kọ́lé, wọ́n bímọ. Ṣùgbọ́n kí ni a fi ń rìnrìn-àjò? Bí wọ́n bá pè wá pé bàbá kú, a ó lọ. Bí wọ́n bá pè wá sí ìgbéyàwó, a ó lọ ní Friday, a ó padà ní Sunday nítorí ọjà. Ẹ̀kẹta ni ìgbà ìjà. Rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Kánò ní May 1953, òmíràn sì ti tẹ̀lé e. Ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá rí ọkọ̀ wọ̀ ni í dúpẹ́. Nípa bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí sí Sabon Gari mọ ìlú baba wọn gẹ́gẹ́ bí ibi tí a ti ń sunkún. Wọn kò tíì débẹ̀ rí fún ayọ̀ lásán. A sì ní àwọn ìyá láàárín wa tí wọn kò tíì ti ìsọ̀ wọn fún ọjọ́ mẹ́rin léraléra láìjẹ́ pé òkú kú tàbí pé ara wọn kò yá. Ara kì í ṣe irin. Irin pàápàá ń dípẹtà.

Nítorí náà a wò ó pé, bí kò bá ṣeé ṣe láti lọ sí òkè òjò dídì, òkè wà nílẹ̀ wa. A gbé mẹ́ta yẹ̀ wò.

Ìkíní ni Jos. Òun ni ó sún mọ́ wa jù. Ó ga tó 1,200 mítà ju òkun lọ, òtútù ọyẹ́ rẹ̀ sì mú ju ti Kánò lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ni í lọ síbẹ̀ fún ọjà. Ẹni tí ó bá débẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí béèrè iye ọ̀dùnkún, ìsinmi ti parí nìyẹn.

Èkejì ni Obudu, ní Ìpínlẹ̀ Cross River, lẹ́bàá ààlà Cameroon. Wọ́n dá ibẹ̀ sílẹ̀ fún títọ́jú màlúù ní ọdún 1951, ó sì di ibi ìgbafẹ́. Ó ga tó nǹkan bí 1,600 mítà, òtútù sì wà níbẹ̀ ní tòótọ́. Wọ́n ta okùn irin gòkè níbẹ̀, èyí tí ń gbé ènìyàn nínú àpótí lójú òfuurufú. Bí a bá gba Makurdi, Gboko àti Vandeikya, a ó débẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà náà jìn, ẹni tí ó bá sì fẹ́ lọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wádìí bóyá àpótí náà ń ṣiṣẹ́ lásìkò náà.

Ẹ̀kẹta ni Ìdànrè, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Àtẹ̀gùn 660 ni a ó gùn, ibi ìsinmi márùn-ún sì wà lójú ọ̀nà. Lókè náà ni àwọn ènìyàn Ìdànrè gbé kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ààfin àtijọ́ Ọwá ṣì wà níbẹ̀, àti ibi tí wọ́n ń pè ní ẹsẹ̀ Agbóògùn. Láti ọdún 2007 ni orúkọ òkè náà ti wà lára àwọn tí Nàìjíríà fi síwájú UNESCO. Kò sí òjò dídì níbẹ̀, òtútù rẹ̀ kò sì tó ti Obudu. Ṣùgbọ́n ilé ni. Ọmọ wa yóò gbọ́ tí wọ́n ń fi èdè rẹ̀ polówó ọjà lójú pópó.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí a mú Ìdànrè, kí a sì fi Obudu sílẹ̀ fún ọdún mìíràn. Ètò tí a ṣe nìyí.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí a lọ, nítorí àtẹ̀gùn òkúta a máa yọ̀ bí òjò bá rọ̀. Àárọ̀ kùtùkùtù ni kí a kúrò ní Kánò, kí a sùn ní Lọ́kọ́ja, kí a dé Àkúrẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ọjọ́ kẹta ni ti òkè. Ọjọ́ kẹrin, kí olúkúlùkù máa lọ kí àwọn ẹbí rẹ̀. A kò ní rìn lóru. Gbogbo wa mọ ohun tí ojú ọ̀nà Kàdúná sí Àbújá ti fi ojú àwọn arìnrìn-àjò rí. Ọkọ̀ ojú irin pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ wọn ní March 2022. Nítorí náà, bí àwọn awakọ̀ bá sọ fún wa ní àṣálẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú pé ọ̀nà kò dára, a kò ní lọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe ìyẹn ní ojo. Ẹni tí ó bá wà láàyè ni í gun òkè.

Ní ti gígùn, àgbà tí orúnkún ń dùn kí ó jókòó ní ibi ìsinmi àkọ́kọ́. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ náà afẹ́fẹ́ ni. Kí olúkúlùkù mú omi, kí ó wọ bàtà tí ó dì mọ́ ẹsẹ̀. Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kí ó rí dókítà kí ó tó fi orúkọ sílẹ̀.

Ó wá ku owó. Ẹnì kan sọ nínú ìpàdé tí ó kọjá pé kí a yá nínú owó ìsìnkú ẹgbẹ́. A kò fara mọ́ ọn. Owó ìsìnkú kì í ṣe owó ìgbafẹ́. Bí ikú bá kan ilẹ̀kùn nígbà tí àpò gbẹ, ojú yóò ti gbogbo wa. Àjọ ọ̀tọ̀ ni kí a dá, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, fún ogójì ọ̀sẹ̀, kí ìpàdé yìí sì fẹnu kò lórí iye rẹ̀. Kí ìwé rẹ̀ yàtọ̀, kí ènìyàn méjì máa fọwọ́ sí i. Ẹni tí kò bá lè lọ mọ́, kí a dá owó rẹ̀ padà ní pípé, àyàfi èyí tí a bá ti san fún ọkọ̀. Bí ìrìn-àjò kò bá sì ṣeé ṣe nítorí ọ̀nà, kí olúkúlùkù gba tirẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin ni ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí wá, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ orúkọ àwọn ìyá tí kò lè kàwé sílẹ̀, kí ẹ sì gbé ẹrù wọn gun àtẹ̀gùn. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti ìsọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Oníbàárà tí ó bá mọ iyì yín yóò dúró dè yín.

Ìwé ìforúkọsílẹ̀ wà lórí tábìlì akọ̀wé.