Ẹyẹ Tí A Kò Kà

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé wa ní Woolwich

A mọ̀ pé ìrẹsì ti ń tutù lẹ́yìn yàrá, nítorí náà a kò ní fa ọ̀rọ̀ gùn.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló rí wa ní ìgbà ìrúwé tó kọjá, tí a dúró sí etí odò Thames níwájú Royal Arsenal, tí a gbójú sókè. Àwọn kan béèrè bóyá àdúrà ni a ń gbà. Ẹyẹ ni a ń kà. Kì í ṣe gbogbo ẹyẹ o. Àwọn tí ń fi èékánná mú ẹran jẹ nìkan ni: àṣá, àwòdì, àti àwọn ìbátan wọn. Ọjọ́ Sátidé mẹ́rin ni a fi ṣe é, láti aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán.

Ìdí tí a fi yan ìgbà ìrúwé ni pé láti oṣù kẹta sí ìkarùn-ún ni àwọn ẹyẹ tó sá fún òtútù lọ sí Áfíríkà ń padà wá síhìn-ín láti yé ẹyin. Àṣá kan wà tó jẹ́ pé ẹja ni oúnjẹ rẹ̀; osprey ni wọ́n ń pè é níhìn-ín. Púpọ̀ nínú àwọn tí a pa ní Britain ń lọ lo ìgbà òtútù ní ìhà Senegal àti Gambia, ìrìn-àjò tó tó nǹkan bí 5,000 kìlómítà, kò sì sí ẹni tó bi wọ́n ní físà. Ìbọn àti àwọn tí ń jí ẹyin kó ló lé wọn kúrò ní Scotland ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ní 1954 ni tọkọtaya kan padà wá sí Loch Garten. Láìpẹ́ lẹ́yìn náà ni àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ igi tí ìtẹ́ náà wà tọ̀sán-tòru.

Púpọ̀ nínú àwọn ẹyẹ ńlá wọ̀nyí kì í fẹ́ fi ìyẹ́ ṣe wàhálà. Atẹ́gùn gbígbóná tí ń gòkè láti orí ilẹ̀ ni wọ́n ń gùn. Irú atẹ́gùn bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n lójú òkun, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rọ́ lọ síbi tí òkun gbé há. Ọ̀kan ni Gibraltar, níbi tí Áfíríkà àti Yúróòpù kò fi ju nǹkan bí 14 kìlómítà jìnnà síra. Òmíràn ni Messina ní Italy. Ní agbègbè yẹn, ìgbàgbọ́ àwọn ọkùnrin kan látijọ́ ni pé ẹni tí kò bá yìnbọn pa ọ̀kan nínú àwọn àṣá tí ń kọjá ní ìgbà ìrúwé, ìyàwó rẹ̀ yóò yan àlè. Ẹ rọra rẹ́rìn-ín o, a ní irú rẹ̀ nílé tiwa. Ní 1981, ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ogún ọdún, Anna Giordano, lọ dúró sórí òkè níbẹ̀. Òun àti àwọn tó dara pọ̀ mọ́ ọn ń ka ẹyẹ, wọ́n sì ń ka ìró ìbọn pẹ̀lú. Wọ́n dáná sun ọkọ̀ rẹ̀, kò kúrò níbẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ẹyẹ tí wọ́n ń kà ń pọ̀ sí i, ìró ìbọn ń dín kù. Ní 1998 ni wọ́n fún un ní Goldman Prize.

Woolwich kì í ṣe Messina. A kò rí osprey kankan, kí a má parọ́. Ní Sátidé kìíní, a rí àṣá kékeré kan tó dúró lójú kan lófuurufú ní ìhà Thamesmead, tó ń wá eku nínú koríko. Ní ìkejì, a rí ọ̀kan tó ga tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ irú rẹ̀. Ohun tí a kọ sílẹ̀ ni pé, “ọ̀kan, a kò mọ irú rẹ̀.” Ní ìkẹta, òjò winniwinni, òtútù, a kò rí nǹkan kan fún wákàtí mẹ́rin. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa dábàá pé kí a kọ méjì, kí ìwé wa má baà dà bí ìwé ọ̀lẹ. Ọmọ dáadáa ni, kò ní in lọ́kàn láti purọ́. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì mọ̀ pé ẹni tó kọ ìwọ̀n ooru ara aláìsàn sílẹ̀ láìfi tẹmómítà kàn án burú ju ẹni tí kò kọ nǹkan kan lọ. A kọ òdo. A kọ òjò náà pẹ̀lú.

Ní Sátidé ìkẹrin, ìyá àgbà kan ń bọ̀ láti ọjà Beresford Square, ó gbé iṣu sínú báàgì. Ó dúró kí wa. Àwa gbé awò sójú, a ń wo ọ̀gangan ibi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń sọdá. Ìyá gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, àwòdì rèé!” Lóòótọ́ ni. Àwọn kannakánná ń lé e kiri, ìrù rẹ̀ là sí méjì, ó pupa bí ilẹ̀ ilé. Ìbátan àwòdì tí ń já ẹran gbà lọ́wọ́ ọmọdé ní ọjà wa ni. Wọ́n ti pa irú èyí run ní England kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí. Láàárín 1989 sí 1994 ni wọ́n kó àwọn mìíràn wá láti Spain sí òkè Chilterns. Lónìí, ní ìgbà ìrúwé, wọ́n ń fò kọjá lórí London.

Ìyá wò ó títí ó fi lọ. Lẹ́yìn náà ó bi wá pé, “Igún ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ẹyẹ, níbo ni igún lọ?”

Ẹnu wa wọhò. Àwọn tó ti lé ní ogójì ọdún láàárín wa, ta ni kò mọ igún? Wọ́n máa ń tò sórí òrùlé ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù, wọ́n ń jẹ àwókù, wọ́n ń bá ìlú palẹ̀ mọ́. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn tí àwa lọ sílé, a kò rí ẹyọ kan. Ọdún wo ni wọ́n lọ? Ta ló rí èyí tó kẹ́yìn? Kò sí ẹni tó lè sọ nínú wa. Wọ́n pọ̀ jù fún wa láti kà.

Ní 2015 ni IUCN kọ igún wa, èyí tí orí rẹ̀ pá, sí ipò àwọn tó kù díẹ̀ kí wọ́n parun. Májèlé wà nínú ohun tó fà á. Òmíràn ni pé wọ́n ń pa á tà fún àwọn tí ń ṣe oògùn. Èyí dùn wá, nítorí èèwọ̀ ni àwọn àgbà wa ka pípa igún sí, síbẹ̀ orí igún wà lórí àtẹ ní ọjà ilẹ̀ Yorùbá.

Ẹ wo India. Àwọn kan ti ń ka igún níbẹ̀, ní ọgbà Keoladeo, kí àjálù tó dé, nítorí náà kíá ni wọ́n mọ̀ nígbà tí iye wọn já wálẹ̀. Nínú 1,000 ìran igún kan tó wà ní 1992, ó kù bí ẹyọ kan péré ní 2007. Ní 2004 ni a mọ ohun tó ń pa wọ́n: diclofenac, oògùn kan náà tí a máa ń fún ẹni tí orúnkún ń dùn. Wọ́n ń fún màlúù; igún tó bá jẹ òkú màlúù náà, kíndìnrín rẹ̀ a dáṣẹ́ sílẹ̀. Ní 2006, India, Pakistan àti Nepal fòfin de lílò rẹ̀ fún ẹran ọ̀sìn. Bí wọn kò bá kà wọ́n tẹ́lẹ̀, wọn ì bá máa sọ pé ayé ló ń yí, gẹ́gẹ́ bí àwa ti ń sọ.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ méjì ni a fẹ́ bẹ̀ yín. Èkíní, a ó tún jáde ní Sátidé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹrin. General Gordon Square ni a ó ti pàdé, aago mẹ́sàn-án ààbọ̀. Awò méjì péré ni a ní. Kí ọmọdé má dá wá, kí ẹ sì wọ aṣọ òtútù, nítorí atẹ́gùn odò yẹn kò mọ àgbà.

Èkejì kan ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sílé lọ́dún yìí. Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ní òwúrọ̀, ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń pa ẹran ní ìlú yín, ẹ dúró fún wákàtí kan, ẹ wo òrùlé àti igi. Ẹ kọ orúkọ ìlú, ọjọ́, aago, àti iye igún tí ẹ rí. Àwọn Nigerian Bird Atlas Project, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015, ń gba irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn. Bí ẹ bá dé, àwa yóò bá yín fi ránṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ òdo ni ẹ rí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ òdo náà.