Ẹ Wọn Iná Ọkọ̀ Kí Ẹ Tó Ki Ṣájà Bọ̀ Ọ́



Bí ẹ bá ń bá ọkọ̀ akẹ́rù kó máńgòrò tàbí iṣu lọ s'Ékòó, ẹ lè fẹ́ fi ihò iná iwájú ọkọ̀ ṣáájì fóònù, tàbí bátìrì ẹ̀rọ tí ẹ fi ń fín oko. Ẹ rọra o! Iná ọkọ̀ kò dọ́gba. Fólítì 12 ni ti ọkọ̀ kékeré. Nínú ọkọ̀ ńlá, bátìrì méjì ni wọ́n sábà máa ń so pọ̀, tí yóò fi di 24. Ṣájà tó jẹ́ ti 12 nìkan lè jóná níbẹ̀.

Ohun tí ẹ ó ṣe nìyí:

1. Ẹ wo ara ṣájà. Bí wọ́n bá kọ "12–24V" sí i, ó gba méjèèjì. Bí ó bá jẹ́ "12V" nìkan, ẹ dúró ná.

2. Ẹ ní kí rìwáyà yí mítà sí DC, kí ó fi ẹnu pupa kan àárín ihò, kí ó fi dúdú kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, nǹkan bí 14 ni ti fólítì 12. Nǹkan bí 28 ni ti 24.

3. Ẹ má fi títóbi ọkọ̀ mọ̀ ọ́n. Ọkọ̀ ńlá mìíràn ní ihò 12 lọ́tọ̀.

Bí ẹ̀rọ bá jóná nígbà tí koríko ń bo oko, owó lọ, àsìkò náà lọ. Ojú l'alákàn fi ń ṣọ́rí.