Ìlú Olówó Létí Adágún: Ọgbọ́n Wo Ló Wà Níbẹ̀ fún Wa?

 

Ìlú kékeré kan wà ní ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà, Tuxedo Park lorúkọ rẹ̀. Kóòtù dúdú tí ọkọ ìyàwó ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí à ń pè ní túsídò, ibẹ̀ lorúkọ rẹ̀ ti wá.

Pierre Lorillard, tí ìdílé rẹ̀ fi òwò tábà lówó, ló dá a sílẹ̀ ní 1886, kí òun àti àwọn olówó ẹgbẹ́ rẹ̀ lè máa ṣọdẹ, kí wọ́n máa pẹja. Adágún mẹ́ta wà nínú rẹ̀. Wọ́n fi ọgbà yí i ká, wọ́n sì kọ́ géètì olókùúta sí ẹnu ọ̀nà. Bí o kì í bá ṣe onílé tàbí àlejò wọn, o ò wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni títí dòní.

Ẹ jẹ́ n bi yín: ta ló la ọ̀nà ibẹ̀? Ṣé olówó ló gbé ṣọ́bìrì? Rárá o! Àwọn lébìrà láti Ítálì àti Slovakia ni, nǹkan bí 1,800. Wọ́n la ọ̀nà, wọ́n ri páìpù omi, wọ́n kọ́lé. Iṣẹ́ parí, ó di ẹ̀yìn géètì. Ẹni tó gbin iṣu kọ́ ló jẹ iyán.

Ṣùgbọ́n ibi tí mò ń lọ nìyí. Nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn 1929, àtitọ́jú ìlú náà di ìnira. Kí ni wọ́n wá ṣe? Ní 1952, wọ́n sọ ọ́ di abúlé tó ní ìjọba tirẹ̀. Wọ́n ń dìbò yan olórí ìlú àti ìgbìmọ̀. Ìgbìmọ̀ náà ló ń gba owó orí ilé, òun ló ni ọlọ́pàá, òun ló ń tún ọ̀nà ṣe, òun ló ń tọ́jú adágún tí wọ́n ń mu.

Wọn ò pé 1,000 o! Olówó tó lè ra omi mu kò fojú di ìbò abúlé. Àwa ńkọ́? A ní ìbò káńsílọ̀ kò jẹ́ nǹkan kan, a gba oko lọ. Bó bá dọ̀la, a ó máa sunkún omi ẹ̀rọ.

N kò ní kí ẹ kọ́ géètì o. Ọgbà tó lé ọmọ tálákà kúrò létí omi kò wù mí rárá. Ọgbọ́n ìgbìmọ̀ yẹn ni kí a mú. Ẹ gba káàdì ìdìbò yín. Ẹ bi ẹni tó bá fẹ́ ṣe káńsílọ̀ yín: ọ̀nà wo lo máa tún ṣe? Omi wo la ó mu? Owó wa dà? Bí kò bá rí èsì fọ̀, ẹ má dìbò fún un.

Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.