Ẹ Má Jẹ́ Kí A Pa Ẹnu Ẹlẹ́jọ́ Mọ́

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ìpolongo sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní Mayfair, Ilé-Ifẹ̀

Ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n gbére ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀daràn nìkan ni. Ẹni tí kò jalè rí lè gbọ́ lọ́la pé ọmọ òun wà ní àgọ́ ọlọ́pàá.

Àwọn baba wa ní: a-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà. Lórí òwe yìí ni a óò dúró. Níbi tí a bá ti pa ẹnu ẹnìkan mọ́, ìdájọ́ kò lè tọ́. Bí ẹ̀wọ̀n náà bá sì jẹ́ gbére tí kò ní àtúnyẹ̀wò, àṣìṣe adájọ́ di ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè tún ṣe mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀yìn wò. Ní 1914 ni ìjọba Lugard dá àwọn Provincial Court sílẹ̀. Abẹ́ Ọ̀yọ́ Province ni Ifẹ̀ wà nígbà náà. Òyìnbó tí ń ṣe àkóso ìlú ni ó ń jókòó ṣe adájọ́, bí kò tilẹ̀ kọ́ ìmọ̀ òfin. Ó lè dá ẹjọ́ ikú, bí Gómìnà bá ti fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò kò gbọdọ̀ yọjú síbẹ̀. Àwọn agbẹjọ́rò aláwọ̀ dúdú wà ní Èkó tí wọ́n kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù, síbẹ̀ àgbẹ̀ tí a fi ẹ̀sùn ikú kàn ní ilẹ̀ wa kò lè pe ọ̀kan nínú wọn kí ó wá gba ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọdún 19 gbáko ni ó fi rí bẹ́ẹ̀, títí di 1933.

Àwọn ará wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Amẹ́ríkà rí irú rẹ̀. Lọ́hùn-ún, ará ìlú 12 ni a ń yàn láti gbọ́ ẹjọ́ ọ̀ràn ńlá, ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀ sì ni ohùn gbogbo wọn gbọ́dọ̀ ṣọ̀kan kí a tó dá ẹni lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ní 1898, àwọn òyìnbó Louisiana tún ìwé òfin wọn kọ, wọ́n sì sọ ní gbangba pé kí agbára lè wà lọ́wọ́ aláwọ̀ funfun ni. Wọ́n ní ohùn ènìyàn 9 ti tó; nígbà tí ó yá, wọ́n sọ ọ́ di 10. Bí aláwọ̀ dúdú méjì bá wà nínú àwọn 12 náà tí wọ́n ń kígbe pé "kò jẹ̀bi", igbe lásán ni. Ní 2020 ni ilé-ẹjọ́ tí ó ga jùlọ fagi lé òfin náà, ṣùgbọ́n ní 2021 ó ní ìdájọ́ yìí kò kan àwọn tí ẹjọ́ wọn ti parí tẹ́lẹ̀. Ní Amẹ́ríkà lónìí, aláwọ̀ dúdú kò ju bí ẹnìkan nínú ènìyàn méje lọ, síbẹ̀ wọ́n lé ní ìdajì àwọn tí ń ṣẹ̀wọ̀n gbére aláìní-ìdásílẹ̀.

Ní ilé wa ńkọ́? Àwọ̀ kọ́ ni ó ń pa wá lẹ́nu mọ́ nísinsìnyí, bí kò ṣe àìlówó àti àìmọ̀. Ní 2010, ọlọ́pàá mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Òkukù. Àwọn òbí rẹ̀ ní ọmọ ọdún 17 ni. Ní 2014, ilé-ẹjọ́ gíga Ọ̀ṣun dá ẹjọ́ ikú fún un lórí ẹ̀sùn ìdigunjalè, nínú ẹjọ́ tí aráyé ń pè ní ẹjọ́ adìyẹ àti ẹyin. A kò wá síbí láti tún ẹjọ́ náà dá. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ rí ni pé, ní December 2024, nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ ké sí gbogbo ayé, kí oṣù náà tó parí ni Gómìnà Adeleke ti dárí jì í. Agbára ìdáríjì ti wà nínú ìwé òfin láti ìgbà tí wọ́n ti dá ẹjọ́ náà. Igbe ni kò tíì dé etí ẹni tí ó ní agbára.

Nítorí náà, ẹ fi ohun mẹ́rin wọ̀nyí sọ́kàn.

Èkíní: ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fún ẹni tí a mú ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́ títí yóò fi rí agbẹjọ́rò, láti gbọ́ ẹ̀sùn rẹ̀ ní èdè tí ó yé e, àti láti ní ògbufọ̀ nílé-ẹjọ́ láìsan kọ́bọ̀. Ẹ má ṣe tẹ̀ka sí ìwé tí wọn kò kà fún yín.

Èkejì: ẹni tí kò lówó agbẹjọ́rò, kí ó béèrè Legal Aid Council, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1976 nítorí tálákà.

Ẹ̀kẹta: bí ilé-ẹjọ́ gíga bá dá ẹni lẹ́bi ọ̀ràn, ọjọ́ 90 ni ó ní láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ẹ má fi wọ́n sunkún tán.

Ẹ̀kẹrin: òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2015 gba ilé-ẹjọ́ láàyè láti tú ẹlẹ́wọ̀n gbére sílẹ̀ bí ó bá ti ṣe ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀wọ̀n rẹ̀, tí ọ̀gá àgbà àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n sì jẹ́rìí sí ìwà rere rẹ̀. Ti ìpínlẹ̀ lè yàtọ̀. Ẹ bi agbẹjọ́rò. Gómìnà náà sì ní agbára àánú.

A ń bẹ ẹ̀ka ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan kí ó yan ẹni méjì tí wọ́n mọ ìwé, tí yóò máa bá ẹbí ẹni tí a mú lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, tí yóò kọ ọjọ́ tí wọ́n mú un àti ẹ̀sùn rẹ̀ sílẹ̀, tí yóò sì wá agbẹjọ́rò lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ẹni tí a mú bá jẹ́ àlejò tàbí alátakò ẹgbẹ́ wa, ẹ lọ pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá jẹ̀bi, kí ó gba ìdájọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ gbọ́ ti ẹnu rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n.