Eleni Daniilidou: Ṣé Ẹni Tí Ò Gba Wimbledon Gbá Òfo Ni?

Ohùn mi ò já gaara, ẹ bá mi fara dà á. Bọ̀dá wa kan sọ lánàá pé ẹni tí ò bá gba Wimbledon, asán ló ń gbá tẹ́nìsì. Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi.

Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Eleni Daniilidou. Chania, ní erékùṣù Crete ní Gíríìsì, ni wọ́n bí i sí ní 1982. Tí bọ́ọ̀lù bá wá sí apá òsì ẹ̀, ọwọ́ kan ló fi ń gbá a padà, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ méjì ni púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń lò. Ó máa ń wu èèyàn wò!

Ní 2002 ló na Elena Dementieva ní 's-Hertogenbosch, ní Holland, lórí pápá koríko. Ife àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó gba ti Auckland ní 2003, ó tún un gbà ní 2004. Ó gba ti Seoul ní 2006. Ní 2003 yẹn, òun ni ìkẹrìnlá nínú gbogbo obìnrin ayé.

Ọdún yẹn náà lòun àti Todd Woodbridge dé àṣekágbá takọtabo ní Melbourne. Martina Navratilova àti Leander Paes ló nà wọ́n, 6-4, 7-5. Ẹni ogún ọdún ni Eleni, Navratilova ti pé 46. Màmá yẹn le o!

Ife karùn-ún ló ń fa àríyànjiyàn. Hobart, 2008: ọrùn ẹsẹ̀ ń dun Vera Zvonareva, kò lè jáde wá gbá àṣekágbá. Wọ́n gbé ife fún Eleni láìgbá bọ́ọ̀lù kan. Àwọn kan ní ìyẹn ò kà. Èmi ní ó kà. Ta ló bá a gbá àwọn tó ṣáájú? Tẹ́nìsì ò ní ẹgbẹ́ tó ń san owó oṣù. Tó o bá fìdí rẹmi lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ìwọ lo máa san owó ọkọ̀ òfuurufú lọ sí ìlú tó kàn. Èmi tí mò ń sanwó pápá fún ọmọ mi mọ ohun tí mò ń wí.

Lẹ́yìn Hobart, ọdún mọ́kànlá gbáko ni kò fi sí obìnrin Gíríìsì tó tún gba irú ife bẹ́ẹ̀, àfi ìgbà tí Maria Sakkari gba ti Rabat, ní Mòrókò, ní 2019. Bọ̀dá, ó di ọwọ́ yín.