Ta Ló Fojú Rí I?

 Wọ́n ní kí n má pẹ́. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kì í ṣe ti owó ẹgbẹ́, ẹ fọkàn balẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí oṣù kẹrin ọdún 2020. Kónílé-ó-gbélé kòrónà ti bẹ̀rẹ̀ láti 30 oṣù kẹta, ebi ń pa ará ìlú. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ One Million Boys gba orí WhatsApp kan káàkiri Èkó àti Ògùn. Lóòótọ́, àwọn jàǹdùkú ja àwọn kan lólè, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá ní púpọ̀ nínú igbe yẹn, ìbẹ̀rù lásán ni.

Ẹ rántí bí a ṣe ń sun táyà ní oríta, tí a ń ṣọ́ òde mọ́jú. Ọmọ girama ni mí nígbà náà, igi wà lọ́wọ́ mi. Ní nǹkan bí aago méjì òru, ọ̀dọ́kùnrin kan yọ láti ìhà Ìlàjẹ, ó gbé ọ̀rá dúdú dání. Ẹnì kan pariwo pé, “Òun rèé!” Títí dòní, mi ò mọ ẹni tó pariwo. Kí n tó mọ̀, èmi náà ti ń ké pé, “Òun ni! Òun ni!” Bẹ́ẹ̀ mi ò rí i rí láyé mi. Ó ń sọ̀rọ̀ o, àmọ́ ta ló máa gbọ́? Wọ́n ti gbá a létí, wọ́n ti fa aṣọ rẹ̀ ya, ẹnì kan ti ń yí táyà bọ̀.

Ìyá alákàrà àdúgbò wa ló jáde, ó ró ìró máyà. Ó ní, “Ta ló rí i tó jalè? Ẹ dá mi lóhùn! Ta ló fojú rí i?” Kẹ́kẹ́ pa. Àwa tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogójì, kò sẹ́nì kan tó lè ní òun rí i. Nígbà tí wọ́n tú ọ̀rá yẹn, oògùn ló wà níbẹ̀, tó lọ gbà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kan fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ara rẹ̀ gbóná.

Nígbà tí mo dé yunifásítì ni mo gbọ́ nípa Solomon Asch. Ní 1951, ní Amẹ́ríkà, ó fi ìlà han àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó ní kí wọ́n mú èyí tó gùn bákan náà pẹ̀lú ìlà kan. Ọmọ kékeré á mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ó ti bá gbogbo àwọn tó wà nínú yàrá dì í, àfi ẹnì kan, pé kí wọ́n jọ mú èyí tí kò tọ̀nà. Nínú mẹ́rin irú ẹni bẹ́ẹ̀, nǹkan bí mẹ́ta ló tẹ̀lé wọn, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Àmọ́ tí ẹnì kan péré nínú àwọn yòókù bá sọ òótọ́, àṣìṣe yẹn á dín kù gan-an. Ẹnì kan péré o! Ìyá alákàrà ò sì ka ìwé Asch.

Ẹ ò rántí iyọ̀ ni? Oṣù kẹjọ 2014, nígbà Ebola, tí wọ́n ní ká fi omi iyọ̀ wẹ̀, ká sì mu ún. Màmá mi ní òun ò gbà á gbọ́, àmọ́ bí gbogbo ilé bá wẹ̀ tí àwa ò wẹ̀ ńkọ́? A wẹ̀ ẹ́.

Ní Lẹ́kkí, oṣù karùn-ún 2022, kò sí ìyá alákàrà. Ìjà 100 náírà lásán pẹ̀lú ọlọ́kadà, wọ́n lu ọ̀dọ́kùnrin kan pa, wọ́n dáná sun ún. Àwọn kan dúró, wọ́n ń fi fóònù ká fídíò.

A máa ń sọ ọ́ níbí pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Òótọ́ ni, òun la fi gbẹ́ gọ́tà wa. Ọwọ́ yẹn náà ló wà lórí aṣọ ọmọ ọlọ́mọ lóru yẹn.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí lónìí ni fọ́tò tí wọ́n gbé sórí gúrúùpù wa lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé ọmọkùnrin kan ń jí ọmọ gbé. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti dé gúrúùpù mẹ́rin tí mo wà. Mo bi ẹni tó fi í síbẹ̀, ó ní wọ́n fi ránṣẹ́ sóun ni. Mo bi ẹni yẹn, òun náà ní wọ́n fi ránṣẹ́ sóun ni. Ọmọkùnrin yẹn lójú, ó nímú, ó ní ilé tó ń gbà lọ.

Ẹ̀ka ọ̀dọ́ ń bẹ̀ yín: bí irú rẹ̀ bá tún wọlé, kí ẹnì kan kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, “Ta ló fojú rí i, níbo, nígbà wo?” Kò di dandan kó jẹ́ àgbà. Bí ó bá jẹ́ òótọ́, ẹ pe 767 tàbí 112. Bí kò bá sí ìdáhùn, kí admin yọ ọ́ kúrò.

Ọ̀dọ́kùnrin ọlọ́rá dúdú yẹn ṣì ń gbé àdúgbò wa. Ó máa ń kí mi tí a bá pàdé, á ní, “Àbúrò, báwo ni ilé ìwé?” Mi ò tíì sọ fún un pé mo wà níbẹ̀.